Bí Bàbá Mi Ṣe Pààrọ̀ Àpò Ìtọ̀ Lọ́jọ́ Ogbó

Oṣù mẹ́ta gbáko ni bàbá mi fi parọ́ mọ́ zóbò.

Ìyá mi fẹ́ràn láti máa se zóbò nílé wa ní Àpòmù. Wọ́n á fi atalẹ̀ àti èèpo ọ̀pẹ̀ òyìnbó sí i, wọ́n á rọ ọ́ sínú ike, fíríìjì á sì kún dé ẹnu. Nítorí náà, nígbà tí ìyá mi rí i pé omi inú póò tí bàbá mi ń tọ̀ sí ní yàrá ti pọ́n, àlàyé kò jìnnà. Bàbá mi ní zóbò ni. Ìyá mi kò jiyàn. Wọ́n kàn dẹ́kun zóbò síse láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, kò sí zóbò nílé mọ́, omi inú póò ṣì pọ́n bí ó ti wà.

Lọ́jọ́ Sátidé kan tí mo wá kí wọn láti Ìkirè, ìyá mi gbé póò náà jáde, wọ́n gbé e kalẹ̀ síwájú bàbá mi níbi tí wọ́n jókòó sí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Tíṣà," bí ìyá mi ṣe ń pè wọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra nìyẹn, "zóbò wo lèyí?"

Bàbá mi wo póò, wọ́n wo ìyá mi, wọ́n wá wò mí. Wọ́n ní, "Ó jọ pé ti oṣù tó kọjá ló ṣẹ́kù síkùn."

Ẹni tó bá mọ bàbá mi yóò mọ̀ pé irọ́ kì í ṣe iṣẹ́ wọn. Hẹdimásítà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó ń rìn kiri ní Àpòmù lónìí ni wọ́n sì ti nà rí nítorí irọ́. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni wọ́n nígbà tí mò ń wí yìí. Wọ́n ṣì ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ṣì ń fi bírò pupa tún gírámà ṣe nínú ìwé ìpè ìnáwó tí àwọn ènìyàn bá mú wá fún wọn. Èmi nìkan ni ọmọ tó wà nítòsí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà ní Kánádà, èmi ń ránṣọ ní Ìkirè, ó sì máa ń dun bàbá mi pé láàárín àwa méjèèjì, kò sẹ́ni tó mú ṣọ́ọ̀kì.

Nígbà tí irọ́ tán, wọ́n sọ òtítọ́ fún wa. Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, àwọn ọmọkùnrin a máa lúwẹ̀ẹ́ lódò títí ojú wọn á fi pọ́n. Nígbà tó bá yá, ìtọ̀ náà á pọ́n. Àtọ̀sí ajá ni àwọn àgbà ń pè é, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kò kà á sí àìsàn. Ọmọ tí tirẹ̀ kò bá tíì pọ́n, wọ́n ní kò tíì dàgbà.

"Ìgbà tí mo rí i," ni bàbá mi wí, "mo ní bóyá ìgbà èwe ló ń padà bọ̀."

Ìyá mi ní, "Kó padà síbi tó ti ń bọ̀."

Tí wọ́n bá ń tọ̀, kò dùn wọ́n rárá. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n rí i fi pamọ́ nìyẹn. Ká ní ó dùn wọ́n ni, gbogbo àdúgbò ni ì bá gbọ́, nítorí tí ẹ̀gún tẹ́ẹ́rẹ́ kan bá gún bàbá mi lẹ́sẹ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú, fíkà ṣọ́ọ̀ṣì wọn ti wá kí wọn.

Dókítà tó yẹ̀ wọ́n wò ní Ìkirè kò fi ọ̀rọ̀ ṣeré. Ó ní kí àgbàlagbà máa tọ ẹ̀jẹ̀ láìsí ìrora, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń jókòó wò. Ó kọ lẹ́tà lé wa lọ́wọ́ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà. Bàbá mi ka lẹ́tà náà nínú mọ́tò, wọ́n ní kọ́mà méjì ló sọnù níbẹ̀.

Obìnrin ni oníṣẹ́ abẹ tí wọ́n gbé wa fún. Kò lè ju ẹni ogójì ọdún lọ. Bàbá mi yọ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún un wọ̀, bí ẹni pé obìnrin náà á ti di ọkùnrin kí wọ́n tó parí.

"Dókítà," ni wọ́n wí, "ṣé ẹ̀yin fúnra yín lẹ fẹ́ yẹ̀ mí wò?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Kò sí ẹlòmíràn?"

"Àwọn ọkùnrin wà, Bàbá. Àmọ́ èmi ni mo kọ́ wọn."

Bàbá mi yíjú sí mi. "Tíṣà ni," ni wọ́n sọ fún mi, bí ẹni pé èmi ni mo ń bẹ̀rù. Láti ọjọ́ náà, kò sí ohun tí obìnrin yẹn sọ tí bàbá mi kò gbà.

Ó kọ́kọ́ fi oògùn pa ojú ibẹ̀ kú, ó wá ti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní iná àti kámẹ́rà lẹ́nu gba ojú ọ̀nà ìtọ̀ wọlé. Ohun tó rí, ó fi han àwa náà lójú tẹlifíṣọ̀n kékeré kan: nǹkan kan hù sí ara àpò ìtọ̀ bí olú ṣe máa ń hù sára igi kòkó tó ti jẹrà. Bàbá mi ní àwọn ti ya fọ́tò ìgbéyàwó, àwọn ti ya ti ìfẹ̀yìntì, àwọn kò mọ̀ pé ti inú lọ́hùn-ún ṣì kù.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé wọn wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, dókítà náà sì gba ojú ọ̀nà yẹn kan náà ha olú náà kúrò. Kò sí ojú ọgbẹ́ kankan níta. Bàbá mi padà sílé lọ́jọ́ kẹta, wọ́n ń fọ́nnu pé ọ̀ràn ti parí. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ha yẹn, wọ́n gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Nígbà tí èsì dé, dókítà ní kí gbogbo wa wá. Jẹjẹrẹ ni.

Ìyá mi di ọwọ́ mi mú lábẹ́ tábìlì. Bàbá mi mú ìwé ìkọ̀wé kan jáde nínú báàgì wọn, wọ́n ṣí ojú ewé tuntun, wọ́n fa ìlà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n kọ déètì. Wọ́n ní kí dókítà máa bá ẹ̀kọ́ lọ.

Dókítà ya àwòrán àpò ìtọ̀ sórí bébà. "Bàbá, ẹ fi wé ògiri ilé. Ká ní ọ̀dà ojú ògiri nìkan ló bà jẹ́, màá máa ha á, a ó sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lóòrèkóòrè. Ṣùgbọ́n èyí ti kọjá ọ̀dà. Ó ti wọ inú búlọ́ọ̀kù. Híha nìkan kò lè mú un tán mọ́."

"Ẹ ó wó ògiri nìyẹn."

"Tí a bá fẹ́ lé e lọ pátápátá, a ó yọ gbogbo àpò náà, a ó sì wá ọ̀nà mìíràn fún ìtọ̀ láti gbà jáde."

Ọ̀nà méjì ló sọ. Àkọ́kọ́, yóò gé díẹ̀ lára ìfun, yóò fi ṣe ọ̀nà fún ìtọ̀ jáde sí ara ikùn, a ó sì lẹ báàgì kékeré kan mọ́ ojú ibẹ̀ títí ayé. Èkejì, yóò gé ìfun tó gùn ju ìyẹn lọ, yóò rán an pọ̀ di àpò ìtọ̀ tuntun, yóò gbé e sí ipò ti àtijọ́, bàbá mi á sì máa tọ̀ bí ọkùnrin ṣe ń tọ̀. Mo jẹ́ aránṣọ, mo sì ti rí oríṣiríṣi ìránṣọ láyé mi, àmọ́ èyí pọ̀ fún mi. Mo bi í léèrè irú òwú tí wọ́n fi ń rán an. Ó ní òwú tó ń yọ́ fúnra rẹ̀ ni.

Ẹ̀gbọ́n mi wà lórí fóònù láti Kánádà, a gbé ojú rẹ̀ ti ìgò omi kan lórí tábìlì. Ó ní, "Dókítà, tuntun yẹn ni kí ẹ ṣe fún wọn. Ohun tó dára jù ni kí ẹ ṣe fún bàbá wa."

"Kì í ṣe tuntun ló ń dára jù fún gbogbo ènìyàn, sà," ni dókítà dá a lóhùn. "Iṣẹ́ abẹ rẹ̀ pẹ́ ju ti báàgì lọ. Àpò tuntun náà kì í sì í sọ fún èèyàn pé òun ti kún. Aago ni Bàbá á fi máa tọ̀, lọ́sàn-án àti lóru. Tí wọ́n bá gbàgbé, ó lè tú dà sára wọn."

Ojú bàbá mi là. "Aago ńkọ́? Ọdún márùndínlógójì ni mo fi lu aago ilé ẹ̀kọ́. N kò pẹ́ rí."

"Ẹ̀yin tí ẹ ń sùn bí fíkà bá ti ka ẹsẹ Bíbélì tán," ni ìyá mi wí, "ẹ̀yin lẹ ó máa jí fún aago?"

Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ sọ̀rọ̀, ìyá mi yíjú sí fóònù. "Ìwọ, dákẹ́. Aṣọ ibùsùn kì í tú dà dé Kánádà."

Bàbá mi wá bèèrè bóyá ó pọn dandan kí wọ́n gé ohunkóhun. Dókítà ní kò pọn dandan. Àwọn kan wà tí ara wọn kò lè gba iṣẹ́ abẹ ńlá. Wọ́n á ha ohun tí wọ́n bá lè ha, wọ́n á wá fi ìtànṣán àti oògùn jà á, àpò á sì wà ní àyè rẹ̀. Àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ ìrọ̀rùn nìkan ni wọ́n ń wá fún wọn. Ó ní òun kò ní purọ́ fún wa: ní ọjọ́ orí bàbá mi, ẹlòmíràn ń wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, kì í jáde. Ẹlòmíràn ń jáde, ara rẹ̀ kì í sì padà sí bí ó ti wà mọ́.

Bàbá mi gbé bírò kalẹ̀. "Ká ní bàbá yín ni mí ńkọ́?"

Mo rò pé á sọ ohun tó dùn ún gbọ́. Ó ronú díẹ̀. "Nígbà tí ẹ wá kẹ́yìn, mo ní kí ẹ gun àtẹ̀gùn dé òkè kejì, ẹ gùn ún, ẹ tún ń bá nọ́ọ̀sì jiyàn lójú ọ̀nà. A ti yẹ ọkàn yín wò, a yẹ kíndìnrín yín wò, wọ́n dára. Bàbá tèmi kéré sí yín lọ́jọ́ orí, kò lè gun ìdajì rẹ̀. Ká ní bàbá mi ni, n kò ní gbé ọ̀bẹ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin, màá ṣe é fún yín, màá sì fi báàgì sí i."

Bàbá mi kọ ìyẹn sílẹ̀, wọ́n fà á nídìí. Nínú mọ́tò tí a wọ̀ padà sí Àpòmù, wọ́n ní àwọn ti fún dókítà náà ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Ìyá mi bi wọ́n léèrè ibi tí máàkì kan yòókù wà. Wọ́n ní ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ kò dára.

Ní ọjọ́ tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ, nọ́ọ̀sì kan wá láti sàmì sí ibi tí báàgì máa wà lára ikùn wọn. Ó ní kí wọ́n jókòó, kí wọ́n dìde, kí wọ́n tẹ̀, kí wọ́n so ṣòkòtò wọn bí wọ́n ṣe ń so ó. Bàbá mi so ó mọ́ abẹ́ ọmú. Nọ́ọ̀sì náà ní, "Bàbá, níbo la fẹ́ rí àyè lò báyìí?" Ó fi bírò sàmì, ó nù ún, ó tún sàmì sí ìsàlẹ̀ díẹ̀. Bàbá mi wo àmì náà. Wọ́n ní gbogbo ọdún tí àwọn fi sàmì sí iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ, ẹ̀san rẹ̀ ló dé yìí. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín jáde. Nígbà tó lọ tán, bàbá mi di ọwọ́ ìyá mi mú, wọn kò sì fi í sílẹ̀ títí tí àkókò ìbẹ̀wò fi tán.

Wákàtí mẹ́fà ni wọ́n lò nínú yàrá iṣẹ́ abẹ. Mo ra dòdò Ìkirè mẹ́jọ dání ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, kí a lè fún àwọn nọ́ọ̀sì. Ìyá mi, tí kì í fẹnu kan nǹkan láàárín oúnjẹ sí oúnjẹ, jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń tú ewé dòdò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń jẹ ẹ́, ojú wọn kò kúrò lára ilẹ̀kùn. Nígbà tí dókítà jáde tó ní ó ti parí, pé bàbá mi ń mí dáadáa, ìyá mi wo ọ̀rá tó ti ṣófo lẹ́sẹ̀ wọn. "Ta ló jẹ dòdò yìí?" ni wọ́n bi mí.

Ọjọ́ kejì ni ìṣòro dé. Èmi ni mo wà lọ́dọ̀ wọn, ọ̀sán gan-an ni, tí bàbá mi ṣàdédé gbé orí sókè tí wọ́n wo gbogbo wọ́ọ̀dù. Ibùsùn mẹ́jọ ló wà níbẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì. "Kíláàsì, ẹ jókòó dáadáa. Nọ́ńbà kìíní."

Kò sẹ́ni tó dáhùn. "Nọ́ńbà kìíní," ni wọ́n tún wí, ohùn wọn sì le.

Awakọ̀ kan wà lórí ibùsùn tó kọjú sí tiwọn, ọkùnrin abikùn ńlá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún. Ó wo bàbá mi, ó wò mí, ó ní, "Mo wà níbí, sà."

Báyìí ni bàbá mi pe gbogbo wọ́ọ̀dù, wọ́n sì ń dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní kí awakọ̀ náà ka tábìlì onímẹ́jọ. Ó kà á dé mẹ́jọ lọ́nà méje, ó há síbẹ̀. Bàbá mi ní kó kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ni awakọ̀ náà bẹ̀bẹ̀, "rọ́bà ìtọ̀ wà lára mi."

Bàbá mi ronú sí i, wọ́n ní kó dúró bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kó kà á kó tó di ọ̀la.

Gbogbo wọ́ọ̀dù ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo wá sáré lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ sunkún, nítorí mo rò pé ọpọlọ bàbá mi ti lọ nìyẹn. Ibẹ̀ ni dókítà bá mi. Ó ní ó máa ń ṣe àwọn arúgbó bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tó pẹ́, pé oògùn ìrora àti kòkòrò tó wọ inú ìtọ̀ ló fà á, pé yóò lọ. Ó yí oògùn wọn padà. Ó ní kí a fi awò ojú wọn sí wọn lójú, kí a gbé aago síbi tí wọ́n ti lè rí i, kí a ṣí wíńdò, kí ẹni tí wọ́n mọ̀ dáadáa sì jókòó tì wọ́n.

Ìyá mi jókòó tì wọ́n. Bàbá mi ṣì ń pe kíláàsì. Ìyá mi fi awò sí wọn lójú, wọ́n ní, "Tíṣà, ọlidé ti bẹ̀rẹ̀."

"Ta ló kéde rẹ̀?"

"Èmi ni."

Bàbá mi wo ìyá mi dáadáa. Wọ́n fi orí lélẹ̀, wọ́n sì sùn. Ní ọjọ́ kẹrin, ojú wọn ti là. Wọ́n bi mí ìdí tí awakọ̀ kan tí wọn kò mọ̀ rí fi ń kí wọn ní "sà" láràárọ̀, tó sì ń sọ fún wọn pé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni.

A padà sí Àpòmù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ara wọn ń le, ṣùgbọ́n bàbá mi kò jáde. Báàgì náà kọ wọ́n lóminú. Wọ́n rò pé ó ń rùn, kò sì rùn. Mo mú ṣòkòtò wọn mẹ́fà lọ sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìkirè, mo tú wọn, mo rán àpò sí wọn nínú tó gba báàgì náà láìfún un, mo mú ojú ìso wọn lọ sókè. Nígbà tí bàbá mi wọ àkọ́kọ́, wọ́n rìn lọ, wọ́n rìn bọ̀ níwájú dígí. "Ọwọ́ rẹ dára," ni wọ́n wí. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni mí lọ́jọ́ náà, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa yin iṣẹ́ mi nìyẹn. Síbẹ̀, wọn kò jáde.

Fíkà ló wá kí wọn nílé. Bí ó ti ń gbàdúrà lọ́wọ́ ni báàgì ṣí létí, omi sì ń ṣàn lọ sídìí bàtà rẹ̀. Fíkà ṣí ojú kan. Ìyá mi ní, "Ẹ máa gbàdúrà lọ, sà, ìtọ̀ lásán ni," wọ́n sì lọ mú àkísà wá. Bàbá mi kò dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹni tó mú wọn jáde ni ọ̀rẹ́ wọn kan tó jẹ́ akọ̀wé kóòtù tó ti fẹ̀yìn tì. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti jọ ń ta dráfù, wọ́n sì ń bú ara wọn bí ẹ̀gbẹ́ ọmọdé. Ó wá lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ kan lẹ́yìn ìrun, ó tẹ́ pátákó dráfù, ó ní kí bàbá mi fi báàgì han òun. Bàbá mi kọ̀. Wọ́n ta dráfù lẹ́ẹ̀kan. Ó tún bẹ̀ wọ́n. Bàbá mi ká ẹ̀wù sókè.

Akọ̀wé wò ó pẹ́. "Ṣé ẹ̀jẹ̀ ló kọ́kọ́ dé?"

"Ẹ̀jẹ̀ ni."

"Kò sì dùn ọ́?"

"Kò dùn mí."

Akọ̀wé ti ọmọ dráfù kan síbi tí kò yẹ kó lọ. Bàbá mi kò jẹ ẹ́. Èmi tí mò ń fọ abọ́ nítòsí, mo dúró. "Tèmi ti ń lọ sí oṣù kan," ni akọ̀wé wí.

Bàbá mi dìde. "Níbo ni bàtà mi wà?" ni wọ́n bi mí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa kọjá ẹnu ọ̀nà láti ọjọ́ tí a ti dé nìyẹn. Kí a tó gbọ́ ìpè ìrun Alásàárì, àwa mẹ́ta ti wà lọ́dọ̀ dókítà àkọ́kọ́ yẹn ní Ìkirè, bàbá mi ni wọ́n sì ń sọ̀rọ̀. Akọ̀wé kàn ń mi orí ni.

Dókítà obìnrin náà ló bá a ṣe é. Tiẹ̀ kò tíì kọjá ọ̀dà ògiri. Wọ́n ha á, wọ́n sì ń da oògùn kan sínú àpò ìtọ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, oògùn àjẹsára ikọ́ ife kan náà tí wọ́n ń gún fún ọmọ tuntun lápá. Bàbá mi kọ́kọ́ bínú sí i. Wọ́n ní àwọn ló lọ síwájú, akọ̀wé ló wá mú àpò ìtọ̀ tirẹ̀ padà délé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bi í lójoojúmọ́ bóyá oògùn ọmọ tuntun yẹn ti ń mú un rá kòrò.

Ọdún kẹta rèé. Bàbá mi ti di ọmọ ọdún méjìlélọ́gọ́rin. Wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn pààrọ̀ báàgì, ìyá mi kì í dá sí i àfi tí wọ́n bá ń pẹ́. Ní ìpàdé ìgbìmọ̀ ìjọ tó máa ń gba wákàtí mẹ́ta, gbogbo àgbà yòókù á máa dìde lọ́kọ̀ọ̀kan lọ sí ẹ̀yìn ilé, bàbá mi á jókòó bí ọba, wọ́n á sì máa wo aago ọwọ́ wọn fún ẹni tó bá jáde.

Ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà, mo máa ń fi mọ́tò gbé àwọn méjèèjì lọ fún àyẹ̀wò. Wọ́n máa ń jà lẹ́nu ọ̀nà dókítà nítorí ẹni tó máa kọ́kọ́ wọlé, títí dókítà fi ní kí a máa lo ọjọ́ orí. Bàbá mi fi oṣù mẹ́jọ ju akọ̀wé lọ. Ìyá mi kì í bá wa lọ mọ́. Wọ́n ní ọjọ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kan nínú oṣù mẹ́fà kò pọ̀ jù fún àwọn.